Bí Ìyá Bọ́gà Ṣe Kúrò Nídìí Iná

Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, inú ń bí mi! Gbogbo àwọn tó ń tò síwájú ilé oúnjẹ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi yẹn, ta ló kọ́ wọn ní bọ́gà jíjẹ bí kò ṣe Ìyá Bọ́gà, alásè ibẹ̀? Búrẹ́dì àti ẹyin lásán ni ọ̀gá tó ni ibẹ̀ ń tà tẹ́lẹ̀. Obìnrin yìí ló ní kí wọ́n lọ ẹran, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, kí wọ́n dín in, kí wọ́n fi sáàárín búrẹ́dì róbótó. Wọ́n ní orúkọ ìlú òyìnbó kan ni oúnjẹ náà ń jẹ́, pé àwọn arìnrìn-àjò ló gbé e sọdá òkun. Àwọn ará àdúgbò ò bèèrè ibi tó ti wá. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń lá ìka.

Àfi bí ibà ṣe dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tó dìde, imú rẹ̀ ò gbóòórùn mọ́: àlùbọ́sà o, èéfín o, ọ̀kan náà ni. Opó ni, iṣẹ́ ìdí iná yẹn ló sì fi ń bọ́ ara rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ fún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gé àlùbọ́sà. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀gá ti gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo wà níbẹ̀, èrò kún fọ́fọ́. Ọ̀gá gbé abọ́ ẹran lílọ̀ kan tó ti bàjẹ́ jáde.

"Ìyá Bọ́gà, ẹ gbóòórùn ẹran yìí wò. Ṣé ó dáa?"

Ó tẹ̀ síwájú, ó fa imú. "Háà, ọ̀gá, ó ń ta sánsán!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó jókòó nítòsí ti fọwọ́ di imú. Ìgbà náà ló tó yé e.

"Tó bá ń ta sánsán, ẹ dín in kí ẹ jẹ ẹ́."

"Tí mo bá jẹ ẹ́, ṣé ẹ ó fi mí sílẹ̀ nídìí iná?"

"Ẹ jẹ ẹ́ ná."

Ó dín in, ó fi sínú búrẹ́dì, ó jẹ ẹ́ tán. Kò ṣẹ́ èérún kù. Ọ̀gá ní ó káre, ó ní kó bọ́ épírónì, ó sì gbé e lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gé àlùbọ́sà yẹn lọ́wọ́. Ìkà èèyàn!

Mo tẹ̀ lé obìnrin náà dé ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀bá gọ́tà ló ti ń bì nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré jáde. Mo rò pé omi ló gbé wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àwọn èrò ń pariwo. Iyọ̀ lẹ kọ́kọ́ máa ń fi sẹ́ran yẹn ni, àbí ata?"

Ìyá Bọ́gà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Ata," ó ní. "Iyọ̀ di ìgbà tí o bá yí i padà."