Ọ̀bẹ Fílípíìnì tí Mo Fi Eyín Kàn

Ẹ má rò pé ìtàn lásán ni mo fẹ́ pa fún yín. Ojú mi ló rí i, ojú kan náà ló sì ń tì mí. Ìyàwó mi pàápàá ò tíì gbọ́ ọ.

Ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá ni, tí gbogbo ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ń tẹ pósítà tọ̀sán-tòru. Ọ̀kan nínú wọn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ àtijọ́ ni mo fẹ́ràn. Mo máa ń gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn atukọ̀ ní Àpápá, pàápàá àwọn ọ̀bẹ aṣóró láti ilẹ̀ Fílípíìnì. Bí mo bá ti fọwọ́ kan irin, mo mọ èyí tó ti pẹ́.

Màmá Bísí, opó kan ní Bàrígà, ló gbé ọ̀kan wá sílé mi ní àdúgbò Pedro. Atukọ̀ ni ọkọ rẹ̀, òkun ló gbé e lọ. Ó ní ọkọ òun máa ń sọ fún ọmọ wọn pé ọ̀bẹ ìdílé olóyè ni.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa ẹ̀. Ṣé kí n tọ́jú ẹ̀ fún Bísí?"

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ọ̀bẹ náà rí kọ́lọkọ̀lọ bí ejò tó ń wọ́, eyín erin sì ni èèkù rẹ̀. N ò rí irú ẹ̀ rí. Ni mo bá ní ọ̀bẹ ìdáná lásán ni, kó fi sílẹ̀ kí n bá a jù ú nù. Nígbà tó ṣì ń wò mí, mo fi eyín kan irin náà, mo búra. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé irin Fílípíìnì ò gbọ́ Yorùbá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo ń fi àdín àgbọn nù ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo gbójú sókè, ọkùnrin kan ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. N ò gbọ́ kí ilẹ̀kùn dún o. Aṣọ ọrùn rẹ̀ tutù rinrin, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn níta.

Kò wo ojú mi, ọ̀bẹ ló ń wò. Ó rọra sọ pé, "Ṣé ọ̀bẹ ìdáná ni?"

 Kí n tó ṣẹ́jú, bẹ́ǹṣì ti ṣófo, omi ń kán láti ara rẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Omi iyọ̀ ni.

Mo fi ìwé ìròyìn wé ọ̀bẹ náà, ó di Bàrígà. Mo fẹ́ jẹ́wọ́, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n bí Màmá Bísí ṣe rí mi ló kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́.

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ ò tàn mí. Mo ti sọ fún Bísí pé irọ́ ni bàbá ẹ̀ ń pa fún un. Ọmọ yẹn sunkún títí. Ó ti yọ fọ́tò bàbá ẹ̀ kúrò lára ògiri."

Ó wọ yàrá, ó mú àkọ̀ ọ̀bẹ náà jáde, fàdákà ni wọ́n fi ṣe etí rẹ̀. "Ẹ bá mi ju èyí náà nù."

Mo gbà á. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo gbà á, mo sì ní kò tọ́pẹ́.

Ọkùnrin yẹn ṣì máa ń wá jókòó. Kò béèrè nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iyì ohun tí ẹlòmíràn ò mọ̀, bí opó bá bi yín, ẹ sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má sọ pé ẹ máa padà lọ sọ ọ́.