Ìgbà Tí Àwọn Ajá Ìyàwó Mi Lọ sí Oǹdó

Òórùn irun tútù àti ọṣẹ dúdú ló máa ń jí mi láràárọ̀ Sátidé nílé wa ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́. Kì í ṣe òórùn tó burú. Ó dà bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sórí ẹní tó ti gbó. Ìyàwó mi á ti gbé bàsíà ńlá sẹ́yìn ilé ìdáná, á ti ká ìró sókè dé orúnkún, á máa wẹ àwọn ajá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Mẹ́rin ni wọ́n, kò sì sí èyí tó ga dé orúnkún mi nínú wọn. Ṣúgà ni ìyá, funfun báláú, irun orí rẹ̀ bo ojú débi pé n kò mọ bó ṣe ń ríran. Bíńgò àti Dúdú ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Kékeré ni àbígbẹ̀yìn, obìnrin, tí etí rẹ̀ kan dúró tí èkejì sì wó lulẹ̀. Bí wọ́n bá ti wẹ Bíńgò tán, abẹ́ igi máńgòrò ló ń sáré lọ láti yí ara rẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Ìyàwó mi á ní, "Bíńgò, ṣé o rí ayé ẹ?" Bíńgò á jókòó, á máa wò ó bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Ará Ìkàrẹ́ ni ìyàwó mi, olùkọ́ sì ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n gbé lọ ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn ló fún un ní Ṣúgà, lọ́dún tí àbíkẹ́yìn wa wọ yunifásítì tí ilé dákẹ́ lójijì. Mo rò pé eré ni. Kí n tó mọ̀, Ṣúgà ti bímọ sínú àpótí aṣọ mi, ilé sì ti tún kún. Ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń jẹ. Dúdú kì í jẹun àfi tí ẹnìkan bá dúró tì í, nítorí náà mo máa ń dúró tì í láàárọ̀ kí n tó lọ sí sẹkitéríàtì, èmi ọ̀gá àwọn akọ̀wé, pẹ̀lú táì lọ́rùn, tí mò ń sọ fún ajá pé kó tún jẹ díẹ̀ sí i. Tí kẹ̀kẹ́ bá kọjá lójú títì, gbogbo wọn á gbó o títí yóò fi yà sọ́nà kejì. Tí àjèjì bá ti géètì wọlé, wọn ò ní sọ nǹkan kan, ìrù ni wọ́n máa jù sí i.

Ará Oǹdó ni èmi, o sì mọ ohun tí wọ́n máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Aládùúgbò wa á na ọrùn lórí ògiri, á ní, "Bàbá, ẹ tiẹ̀ ń gbìyànjú o. Lókílì mẹ́rin nínú ilé lójoojúmọ́, itọ́ ò sì dà lẹ́nu yín?" Lókílì la máa ń pe ẹran ajá nílùú wa. Ìyàwó mi ló máa ń dá a lóhùn: "Kó dán an wò. Òun gan-an ni màá sè." A ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Mo ti jẹ ẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, n kò ní purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ajá bá ti sùn lé lẹ́sẹ̀ rí kò tún lè fojú kan náà wo ìkòkò mọ́.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ìyàwó mi. Ó fara dà á títí ó fi ṣubú ní kíláàsì níwájú àwọn ọmọ. Àwọn dókítà ní kókó kan ti dàgbà nínú rẹ̀, pé àwọn gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ abẹ yọ ọ́, àti pé ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò tó bó ṣe yẹ. Wọn ò fi ohùn ẹni tó dá lójú sọ ọ́. Mo ń wo ẹnu wọn, mo ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, dókítà," bí ọmọ iléèwé. Nígbà tí a jáde, ohun tí ìyàwó mi kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ta ni yóò máa bọ́ àwọn ọmọ yìí?" Ọ̀dọ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn ni èmi yóò máa sùn, aládùúgbò wa aláwàdà yìí sì ń bẹ̀rù ajá, bó ti wù kí wọ́n kéré tó.

Mo bá rántí àbúrò bàbá mi ní Oǹdó. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Ọkọ̀ agégẹdú ló fi gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ wà títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, ara rẹ̀ sì balẹ̀, kì í pariwo mọ́ ọmọ. Ààyè pọ̀ lágbàlá rẹ̀, ó sì ní ògiri yí ká. Ní ọjọ́ Ìsinmi, iwájú ni ó ń jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ni, òun sì ni olórí ìdílé wa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, níbi tí àwọn irin ọkọ̀ àtijọ́ kó jọ sí, ojúbọ Ògún ìdílé wa wà níbẹ̀, òun ló sì ń bójú tó o. Kò rí ìjà kankan láàárín méjèèjì.

Mo tẹ́ aṣọ sínú páálí, mo kó wọn sẹ́yìn mọ́tò. Ṣúgà kọ̀ láti wà lẹ́yìn. Ó gun iwájú, ó jókòó síbi tí ìyàwó mi máa ń jókòó sí, ó ń wo ọ̀nà. Dúdú bì kí a tó kọjá Ọ̀wẹ̀nà. Nígbà tí mo dé, àbúrò bàbá mi jáde, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì kó wọn kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wò wọ́n. Ó wò mí. Omi lé ròrò sí i lójú, mo sì rò pé nítorí àìsàn náà ni.

"Ìyàwó ẹ ló ní wọn?"

"Òun ni, Bàbá. Lọ́la ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Mo ní kí n..."

"Dákẹ́. Má wulẹ̀ sọ ọ́." Ó di ọwọ́ mi mú. "Kí lo fẹ́ sọ tí èmi ò mọ̀? O ṣe ọmọ gidi. Padà lọ bá a. Tí wọ́n bá ti ń gbé e wọlé, tẹ̀ mí láago."

Ara mi fúyẹ́. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún mi pé kí n má ṣàlàyé. Mo wakọ̀ padà sí Àkúrẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń ti ìyàwó mi lọ lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, mo tẹ bàbá náà láago bó ṣe ní kí n ṣe. Ó ní, "Ó dáa. Èmi náà ń lọ sídìí iṣẹ́ tèmi." Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n pẹ́ nínú yàrá náà ju bí wọ́n ṣe sọ lọ. Nọ́ọ̀sì kan jáde, ó sáré kọjá láìwò mí, ó tún sáré padà. N kò mọ ibi tí n ó gbé ọwọ́ mi sí. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde níkẹyìn, tó lajú, ètè rẹ̀ gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Mo tẹ etí sí i lẹ́nu. Ó ní, "Ṣé wọ́n jẹun?"

Mo tún tẹ Oǹdó láago láti ròyìn. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo mọ̀ pé yóò yè é. A ti bá a ṣe é." Àdúrà ni mo kà á sí.

Àdúrà náà ni. Ìgbà tí mo mú ìyàwó mi délé, tí mo gbé e jókòó sórí àga pẹ̀lú tìmùtìmù lẹ́yìn, tí mo ní kí n sáré lọ kó àwọn ajá rẹ̀ wá, ni mo tó mọ irú àdúrà tó jẹ́. Bí mo ṣe wọ Oǹdó, màrìwò ni mo rí lára ọkọ̀ tó wà níwájú mi. Mo rí i lára ọ̀kadà. Mo rí i lẹ́nu ọ̀nà àwọn mẹkáníìkì. Ọdún Ògún ti wọlé. Mo ti pẹ́ jù ní Àkúrẹ́, n kò ka oṣù yẹn sí oṣù kankan mọ́. Àfi bí ẹni pé wọ́n da omi tútù lé mi lórí. Ajá ni wọ́n fi ń bọ Ògún. Ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi irin la inú ìyàwó rẹ̀ gbé ajá mẹ́rin, ó kó wọn tọ olórí ìdílé rẹ̀ lọ nígbà tí ọdún Ògún ń bọ̀, Ògún tó ni gbogbo irin. Kí ni yóò tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé? Kò sí ọmọ Oǹdó tí kò ní mọ ohun tó wá ṣe. Èmi tí mo gbé wọn wá nìkan ni kò mọ̀.

Mẹ́ta ni mo bá. Wọ́n so wọ́n mọ́ irin ọkọ̀ níbi ojúbọ, màrìwò wà lọ́rùn wọn. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n ń fò sókè, okùn ń fà wọ́n lulẹ̀, wọ́n tún ń fò.

Àbúrò bàbá mi nawọ́ méjèèjì jáde. "Ara ìyàwó wa ńkọ́?"

"Ó ti wà nílé, Bàbá. Ó ti ń jẹun."

"Mo sọ ọ́. Ìgbà tó o tẹ̀ mí láago gan-an ni mo dìde. Funfun yẹn ni mo mú, òun ló dàgbà jù. Mo pe orúkọ ìyàwó ẹ, mo pe oríkì ẹ̀. Mo ní irin tó fẹ́ kàn án lára yìí, kó rọra. Àwọn tó kù yìí, ọ̀la ni tiwọn, pẹ̀lú ti gbogbo ìdílé."

Ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Mo sọ fún un pé irun pọ̀ ju ẹran lọ lára wọn. Ó ní ṣé ẹran ni Ògún ń wò ni."

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀, n kò sì lè dìde. "Bàbá, inú ilé ni wọ́n ń sùn."

"Àwọn wo?"

"Àwọn ajá yìí. Ìyàwó mi ló ń wẹ̀ wọ́n ní Sátidé. Ó lórúkọ tí kálukú wọn ń jẹ́. Kí ẹ lè bá wa bọ́ wọn ni mo ṣe kó wọn wá, títí tí yóò fi kúrò nílé ìwòsàn."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó rò pé mò ń ṣeré. Lẹ́yìn náà ó yíjú. Ó wo àwọn ajá náà, ó wo irun wọn tí wọ́n ti fi kóòmù yà. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọlé sí i lára díẹ̀díẹ̀, ó sì jókòó sórí táyà ògbólógbòó kan.

"Kí ló dé tó ò sọ?" Kí n tó dáhùn, ó gbé ọwọ́ sókè. "Mo ní kó o dákẹ́. Èmi ni mo ní kó o dákẹ́."

Ó dìde, ó lọ tú wọn fúnra rẹ̀. Màrìwò náà kọ̀, kò tètè tú, Kékeré sì ń lá ìka bàbá náà.

Ìyàwó rẹ̀ béèrè ohun tí wọ́n máa lò lọ́la. Bàbá náà ní, "Èmi ni màá bá Ògún sọ ọ́." Ó kó àwọn ajá náà sínú mọ́tò. Ó ní, "Sọ fún ìyàwó ẹ pé èmi ni."

Tó bá jẹ́ ọ̀tá ló ṣe é, mo mọ ohun tí mo lè fi ọ̀tá ṣe. Mo lè pariwo. Mo lè sọ pé n kò tún dé ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí dìde lórí ẹsẹ̀ tó ń ro ó, ó fi gbogbo ọkàn rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí ìyàwó mi, lákòókò tí èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí n kò lè ṣe ohunkóhun. Mo wakọ̀ lọ sílé, n kò tan rédíò.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáré wọlé, wọ́n gun ẹsẹ̀ ìyàwó mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó di inú rẹ̀ mú kí ojú ọgbẹ́ má baà dùn ún, ó sì ń wo ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn wọn. Ó wò ó pẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, n kò fo ìkankan. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ó pe orúkọ mi?"

"Ó pe orúkọ rẹ. Ó pe oríkì rẹ."

"Ta ló sọ oríkì mi fún un?"

N kò mọ̀. Ìyá rẹ̀ nìkan ló máa ń pè é bẹ́ẹ̀. Bóyá ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni bàbá náà ti gbọ́ ọ, tó sì ti ń tọ́jú rẹ̀ látìgbà náà. Ìyàwó mi gbé ọwọ́ lé ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ó sunkún láìpariwo. Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, Dúdú ń wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ wá ìyá rẹ̀, yóò jáde, yóò tún wọlé, kò sì sí èdè tí mo lè fi bá a sọ ọ́.

Nígbà tó yá, bàbá náà wọ ọkọ̀ wá sí Àkúrẹ́ láti wá kí i. Ó gbé iṣu wá. Mo ṣí géètì fún un. Ìyàwó mi dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀ débi tí ara rẹ̀ lè kúnlẹ̀ dé. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìrìn. Ẹ ṣeun." Bàbá náà ní, "Má kúnlẹ̀, ọmọ mi. Má kúnlẹ̀ fún mi." A jókòó. Kékeré bá fò sórí ẹsẹ̀ bàbá náà, ó yí ara rẹ̀ po, ó sì sùn. Bàbá náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n na ìbọn sí. Ó wo ìyàwó mi.

"Ibo ni mo ń gbé ọwọ́ sí?"

Ìyàwó mi ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀, Bàbá. Ẹ máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn."

Ó sì ń fọwọ́ pa á.

Ara ìyàwó mi ti le báyìí. Kò bá bàbá náà ṣọ̀tá, ṣùgbọ́n tí oṣù Ògún bá dé, kò ní dé Oǹdó, n kò sì ní ní kó dé ibẹ̀. Tí àwọn ènìyàn bá ń bá wa dúpẹ́ pé ó yè, mo máa ń bá wọn dúpẹ́, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀ lórí ẹni tí mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá ṣe ohun tó dùn mí dé egungun, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi bóyá oore ló ń ṣe. Ìdáhùn náà kì í tù mí nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n n kò lè bínú mọ́ bí mo ṣe máa ń bínú tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ àgbàlagbà yẹn ni mo máa ń rí lẹ́yìn ajá kékeré, tó ń lọ, tó ń bọ̀, tó ń ṣọ́ra, bí ẹni tó ń wá ibi tó ti ṣìnà nínú òkùnkùn.