Lẹ́tà Méjì Tí Mo Tẹ̀ Lórí Oko Ẹ̀fọ́

Ní ọdún tí ìjọba ní kí àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí kánáàlì Ikosi kó kúrò, ṣọ́ọ̀bù kan ní Ketu ni mo ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ lẹ́tà fún àwọn èèyàn. Títí di òní, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ náà, ó máa ń rẹ̀ mí.

Màmá mi wà lára àwọn àgbẹ̀ yẹn. Ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ń gbìn, òun ni wọ́n sì fi rán mi níléèwé. Ìjọba ní omi kánáàlì tí wọ́n fi ń rin ẹ̀fọ́ dọ̀tí, pé ó ń kó àìsàn bá ará ìlú. Àwọn àgbẹ̀ kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa wọ ṣọ́ọ̀bù wá. Mọ́mì Iwájú la máa ń pè wọ́n. Ọmọ Abẹ́òkúta bíi tiwa ni wọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la sì jọ ń lọ. Taifọ́ọ̀dù ti ṣe ọmọ wọn obìnrin títí irun orí ẹ̀ fi já. Lẹ́tà tí wọ́n mú wá ní kí ìjọba má gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn àgbẹ̀.

"Bá mi tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Mi ò bá màmá ẹ jà o. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ló ń dùn mí."

Mo tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí màmá mi tó gbọ́.

"Ṣé ìwọ lo tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni, mà."

Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ń ṣa ẹ̀fọ́ wọn lọ.

Kí a tó mọ̀, àdúgbò ti pín sí méjì. Ẹni tó bá ra ẹ̀fọ́ wa, wọ́n á ní ó ń ti àwọn tó ń pa ọmọdé lẹ́yìn. Ẹni tí ò bá rà á, wọ́n á ní ìjọba ti fún un ní rìbá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń kọrin tẹ́lẹ̀ ò jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà mọ́. Àwọn tí ò débi kánáàlì yẹn rí pàápàá ń tìtorí ẹ̀ bá ara wọn jà.

Ìjọba ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn àgbẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀la kí katapílà ìjọba wá tú oko náà, mo bá màmá mi lọ fa ìwọ̀nba ẹ̀fọ́ tó kù. A ò tíì fa ebè kan tán tí Mọ́mì Iwájú fi dé. Wọ́n ká aṣọ wọn sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń bá wa fa ẹ̀fọ́. Màmá mi nàró. Mo rò pé wọ́n máa lé Mọ́mì Iwájú ni.

"Ara ọmọ ńkọ́?" ni màmá mi bi wọ́n.

"Ó ti ń jẹun."

"Ọlọ́run ṣeun."

A jọ ń fa ẹ̀fọ́ lọ títí oòrùn fi mú.

Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti rí wọn. Àwọn àgbẹ̀ pe màmá mi ní ọ̀dàlẹ̀. Àwọn tó bá Mọ́mì Iwájú fọwọ́ sí lẹ́tà kejì ò kí wọn mọ́. Nígbà tí oko tán, ìjà ò tán.

Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀fọ́ ní ọjà Mile 12, wọ́n ń tà á níwájú ilé. Kò sẹ́ni tó mọ omi tí wọ́n fi rin ín níbi tó ti wá. Gbogbo àdúgbò ń rà á, kò sì sẹ́ni tó béèrè.