Pòpárà Ni Wọ́n Ń Pe Donka

Orúkọ ẹni a máa dùn létí ẹni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Donka, aya Rumen, kò mọ adùn ti tirẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé alájà mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ rélùwéè ní ìlú Sliven, ìyá ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Stana kò fi ẹnu kan orúkọ rẹ̀ rí. Pòpárà ló ń pè é. "Pòpárà, ti fèrèsé yẹn." "Pòpárà, ṣé o dití ni? Ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn." Àwọn ará ilé kọ́kọ́ ń fi rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá, ó mọ́ wọn lára.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò tó nǹkan. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun ìbọ̀sẹ̀ ni Donka ti ń ṣiṣẹ́, ìdí ẹ̀rọ ló sì ń dúró sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kó tó délé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, kété lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó dé, ó wo inú ilé, kò sí nǹkan kan àfi búrẹ́dì àná. Ló bá ṣe ohun tí gbogbo obìnrin ìlú náà ń ṣe nígbà tí agara bá dá wọn. Ó rún búrẹ́dì sínú abọ́, ó da omi gbígbóná lé e, ó ju bọ́tà sí i, ó wá rún wàrà oníyọ̀ lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ká tó ṣẹ́jú, oúnjẹ ti délẹ̀. Pòpárà náà nìyẹn. Kò yàtọ̀ sí kéèyàn rẹ gàrí, ẹni tó bá sì ní kò dùn, ebi ò tíì pa onítọ̀hún.

Stana wo abọ́ náà. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ nípa obìnrin yìí o, kò sẹ́ni tó mọ sarma dì bíi tirẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Ewé kábéèjì kíkan ni wọ́n fi ń di ìrẹsì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á wá sè é títí yóò fi rọ̀. Ti àwọn yòókù a máa rí rọ̀bọ̀tọ̀, ti Stana tín-ín-rín bí ìka ọmọdé. Ó wo pòpárà, ó wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

"Rumen, o sọ fún mi pé ìyàwó lò ń mú bọ̀. Pòpárà lo gbé wá bá mi yìí."

Rumen bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló ba nǹkan jẹ́. Ká ní ó fajúro díẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀.

Kò parí. Donka sapá, Ọlọ́run rí i. Ó ń ki búrẹ́dì bọ ẹyin, ó ń dín in. Ó ń ro ẹyin pọ̀ mọ́ ata àti tòmátì. Ó ń se makaróònì, ó ń fi wàrà sí i. Gbogbo rẹ̀ ni Stana ń pè ní pòpárà. Ní ọjọ́ Àìkú kan tí àlejò kún ilé, Donka jí ní kùtùkùtù, ó sì di sarma pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Stana fi fọ́ọ̀kì tú ọ̀kan lójú gbogbo ènìyàn, ìrẹsì dà sílẹ̀ nínú àwo.

"Ẹ wá wò ó o," ló wí, "pòpárà tó wọ aṣọ!"

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Nígbà tí Donka bí Bilyana, tí ọmọ náà ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, kò pè é ní màmá. "Pópà" ló pè é, nítorí ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu ìyá bàbá rẹ̀ nìyẹn. Donka wọ balùwẹ̀, ó ṣí omi sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ó dùn ún dé egungun.

Ó bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́. "Ṣé o ò lè bẹ màmá kí wọ́n máa pe orúkọ mi ni?"

"Donka, àwàdà ni màmá ń bá ẹ ṣe. Ṣé ìwọ náà ò mọ àgbàlagbà ni? Gbé ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jàre."

Awakọ̀ tírélà ni Rumen. Ọjọ́ Ajé ló ń jáde, ó ń kó ẹrù lọ sí Jámánì, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń wọlé. Ta ló kù sílé? Donka àti Stana, Stana àti Donka, ọdún gorí ọdún, títí Bilyana fi dàgbà tó lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga ní Sofia, olú-ìlú wọn.

Ní ọdún náà, bí òtútù ṣe bẹ̀rẹ̀, Stana ṣubú nídìí sítóòfù. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ohùn ò jáde. Gbogbo ènìyàn ti gbà pé ó ti yadi. Donka ń tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kan, arúgbó la ojú, ó la ẹnu.

"Pòpárà."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu rẹ̀ láyé nìyẹn. Dókítà ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, pé ọ̀rọ̀ kan lè ṣẹ́kù, kí aláìsàn sì rò pé òun ń sọ ohun tó wà lọ́kàn òun. Bó bá fẹ́ omi, pòpárà. Bí ara bá ń ro ó, pòpárà. Àlùfáà wá gbàdúrà fún un, ó di ọwọ́ àlùfáà mú, ó wo ojú rẹ̀ tàánútàánú, ó ní, "Pòpárà." Àwọn nọ́ọ̀sì ń kọjú sí ògiri rẹ́rìn-ín. Donka náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gbé e padà wálé. Àwọn ará ibẹ̀ ní òwe kan: pòpárà tí o bá fọwọ́ ara rẹ rún, ìwọ náà ni wàá lá a. Gergina, obìnrin ìsàlẹ̀ ilé tó ń bá wọn yí arúgbó padà lọ́sàn-án, ló pa á lórí àtẹ̀gùn, tó sì ń mi orí. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀, a mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbàgbé pé ẹlòmíràn ló ń mú abọ́ àti ṣíbí dání.

Láàárọ̀, kí Donka tó lọ síbi iṣẹ́, pòpárà ló ń fún un. Nírọ̀lẹ́ tó bá dé, pòpárà. Ọjọ́ Ajé, pòpárà. Ọjọ́rú, pòpárà.

"Donka, kí lẹ̀ ń fún ìyá yìí jẹ, tí wọ́n ń rù báyìí?" Gergina bi í.

"Ohun tí wọ́n bá bèèrè ni."

Gergina wò ó, ó wo ilẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí Rumen bá dé, ìkòkò sarma á ti wà lórí iná. Stana á jẹ ẹ́, omijé á máa dà sínú àwo. Lọ́jọ́ kan, ó jẹun tán, ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ gbá ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀ mú. Ó nàka sí Donka. Ó nàka sí ẹnu ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ là kalẹ̀.

"Pòpárà! Pòpárà! Pòpárà!"

Òótọ́ pọ́ńbélé ló ń sọ, kò bù mọ́ ọn, kò yọ kúrò níbẹ̀. Rumen fẹ̀yìn tì, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbà mí! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ sarma tán, pòpárà ni wọ́n tún ń bèèrè! Donka, jọ̀ọ́, lọ po díẹ̀ wá fún màmá."

Donka dìde, ó lọ pò ó. Nígbà tó gbé e dé, arúgbó ti pa ojú rẹ̀ dé.

Obìnrin kan ń wá láti ilé ìwòsàn láti kọ́ Stana ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ó sọ fún Donka pé ọ̀rọ̀ lè padà, pàápàá orúkọ àwọn tó sún mọ́ ọn. "Ẹ máa kọ́ wọn nírọ̀lẹ́. Ẹ fi ohun tí wọ́n fẹ́ràn tàn wọ́n díẹ̀díẹ̀." Donka gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà sì wọ inú rẹ̀ lọ jókòó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ó gbé abọ́ méjì ka orí àga níwájú arúgbó. Sarma wà nínú ọ̀kan, ó ń rú èéfín. Pòpárà wà nínú èkejì.

"Màmá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Donka ni orúkọ mi. Ẹ pe Donka, kẹ́ ẹ jẹ sarma."

Stana wo sarma. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Pò… pòpárà."

"Kò burú. Ohun tẹ́ ẹ bá pè lẹ óò jẹ."

Ó fi pòpárà bọ́ ọ tán, ó wá jókòó síbẹ̀, ó jẹ sarma náà lójú rẹ̀, ó sì lá ìka. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lálaalẹ́. Stana á làágùn, á máa fi ọwọ́ òsì lu itan ara rẹ̀. "D… D…" Donka á sún mọ́ ọn, á tẹ́tí sí i. "Ẹ pè é, Màmá. Ó ti fẹ́ jáde." Pòpárà ni yóò tún bọ́ sílẹ̀. Ẹ má rò pé irọ́ ni Donka ń pa fún un o. Òùngbẹ orúkọ yẹn ń gbẹ ẹ́. Ó gbà nínú ara rẹ̀ pé lọ́jọ́ tí òun bá gbọ́ ọ, gbogbo rẹ̀ ti tán, òun á fi sarma bọ́ ìyá yìí títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Ó dé ìrọ̀lẹ́ kan tí òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rọ ti bàjẹ́ mọ́ Donka lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, ọ̀gá ti bú u lójú àwọn ọmọdébìnrin. Ó wọlé, ó gbé ìkòkò sarma ọjọ́ Àìkú kaná, ó po pòpárà, ó sì kọ́kọ́ gbé ìyẹn wọlé. Stana ń dúró dè é. Lọ́tẹ̀ yìí kò làágùn. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó fi kan ọrùn ọwọ́ Donka.

"Donka."

Ó mọ́ gaara. Kò sí ìkólòlò kankan nínú rẹ̀.

Donka dúró. Ayọ̀ ló ti ń retí láti ọdún yìí wá. Ìbínú ló dé. Ṣé bó ṣe kéré tó nìyí? Ṣé gbogbo ohun tó ná wọn nìyí, kí wọ́n la ẹnu, kí wọ́n sọ ọ́? Ó rántí ìrẹsì tó dà sínú àwo, ó rántí omi tó ń dà nínú balùwẹ̀. Ó rí i pé bí òun bá gbà á lálẹ́ yìí, òun ti dárí jì wọ́n nìyẹn, kò sì fẹ́.

"Kí lẹ wí, Màmá?"

"Donka." Omijé ti dé ojú arúgbó. Òórùn sarma ti ń wọlé bọ̀ láti ilé ìdáná. "Donka."

"Pòpárà? Mo ti gbọ́, Màmá. Òun náà rèé."

Ó bù ú, ó gbé ṣíbí dé ẹnu rẹ̀. Stana wò ó lójú. Ó la ẹnu, ó gbé e mì. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá. Láti ọjọ́ náà, kò sọ̀rọ̀ mọ́, ì báà ṣe pòpárà. Kí igi píìsì tó yọ òdòdó lórí òkè, wọ́n ti sin ín.

Rumen sunkún bí ọmọ kékeré. "Mi ò sí nílé. Donka, kí ni wọ́n sọ kẹ́yìn?"

"Pòpárà," ni Donka dá a lóhùn.

Ẹkún àti ẹ̀rín dàpọ̀ mọ́ Rumen lójú. "Ìyá mi! Wọ́n mà fẹ́ràn rẹ̀ o."

Ní ìlú yẹn, bí ọjọ́ ìrántí òkú bá pé, wọ́n á gbé oúnjẹ tí olóògbé fẹ́ràn lọ sí itẹ́ òkú, wọ́n á pín in fún gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbà á, dandan ni kó sọ pé, "Kí Ọlọ́run ó forí jì." Wọn kì í dárúkọ ẹni tí yóò forí jì.

"Jẹ́ n di sarma," Donka ń bẹ̀ ẹ́. "Sarma ló yẹ wọ́n."

"Sarma kẹ̀? Ẹnu wọn lèmi ti gbọ́ ọ, pòpárà ni wọ́n ń fẹ́. Ìwọ náà lo sì mọ̀ ọ́n pò fún wọn."

Bó ṣe di pé wọ́n gbé fúláàsì omi gbígbóná dé itẹ́ nìyẹn, pẹ̀lú búrẹ́dì, bọ́tà àti wàrà. Donka kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, ó ń rún búrẹ́dì sínú ife. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn, irú oúnjẹ òkú wo rèé? Gergina ló kọ́kọ́ na ọwọ́. Ó gba ife náà, ó wo Donka nínú ẹyinjú, kò sì yára gbé ojú kúrò.

"Kí Ọlọ́run ó forí jì, Donka."

Ẹni tó tẹ̀ lé e gbà á, ó wí bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn náà gbà á, ó wí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe é títí di òní, nítorí Rumen ò gbà kí wọ́n yí i padà. Òun ló ń gbé àpò búrẹ́dì, òun ló sì ń ké sí àwọn tó ń kọjá lọ pé kí wọ́n yà, kí wọ́n gba ti ìyá òun. Omi gbígbóná ń ta sí Donka níka, Rumen sì ń na ife mìíràn sí i pé kó rún sí i, kò tíì kárí.