Irun Tó Rí Ṣúgà Lára Màmá Mi

Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, mo kó ẹrù mi padà sí Ọ̀mù-Àrán. Ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ni mò ń kọ́, mo sì ti gbà pé kò sóhun tí n kò mọ̀ mọ́. Mo bá màmá mi nínú ìrora ìtọ̀. Ìrora náà á lọ, á tún padà dé bí àlejò tó gbàgbé fìlà. Mo tẹ̀ lé wọn lọ sílé ìwòsàn, àwọn dókítà sì fún wọn ní kápúsù tó ń pa kòkòrò.

Owó epo rọ̀bì ti gbẹ nígbà náà, oògùn sì ti di ohun ọ̀wọ́n. Bí ara bá ti fúyẹ́ díẹ̀, àwọn èèyàn wa á fi ìyókù kápúsù pamọ́. Àwọn mìíràn á tú u dà sójú egbò. Kò pẹ́ tí ìrora Màmá rọlẹ̀ tí mo bá ìyókù tiwọn nínú agolo tíì. Inú bí mi gan-an.

"Màmá, ẹ ò lò ó tán!"

"Alihamudulilahi, ara mi ti yá. Ṣé kí n máa jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà ni?"

Mo fìdí kalẹ̀, mo ṣàlàyé. Mo ní kòkòrò tó ń fa ìrora náà ní irun tín-ín-rín lára, purotéènì kéékèèké tó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ ni irun ọ̀hún. Èyí tó wà lórí ṣóńṣó ló ń wá ṣúgà lára àpò ìtọ̀, tí á sì dì mọ́ ọn. Ìtọ̀ á gbá àwọn kòkòrò yòókù lọ, àwọn onírun á dúró. Bí oògùn kò bá pa wọ́n tán, wọ́n á tún bímọ.

"Ṣúgà?" Màmá jókòó dáadáa. "Ṣúgà wà lára mi, mo sì ń mu ògì kíkan láti èṣín! Ta ló ń bá wọn di irun náà?"

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni mo tó kà á pé àlàfo wà lára ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú irun yẹn, èyí tó tẹ̀ lé e ló ń na ọwọ́ dí i. Ká ní mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà ni, Màmá ìbá ní ìṣọ̀kan wọn ju ti àwọn ẹbí bàbá mi lọ.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ náà, Màmá ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan agolo náà. Mo jágbe: "Egbò ta lẹ fẹ́ dà á sí?"

Màmá wo ilẹ̀. "Ilé ẹ̀kọ́ rẹ jìnnà. Bí ara rẹ ò bá yá níbẹ̀, tí wọn ò sì ní oògùn ńkọ́? Tìrẹ ni mo ń kó jọ."

Mo bu omi wá, mo fi kápúsù kan lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní àfi kí n kọ́kọ́ ṣèlérí pé n kò ní ṣàìsàn. Mo ṣèlérí, wọ́n sì gbé e mì.