Yàrá Abẹ́ Ilẹ̀ ní Ilé Iṣẹ́ Mínírà

Nígbà tí mo ṣì ń tẹ̀ lé ìyá mi kiri bí ọmọ adìyẹ, ilé iṣẹ́ mínírà kékeré kan wà ní Adigbẹ. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń fọ ìgò. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ kàn ń ṣí mínírà mu ni, ẹ kì í béèrè ohun tó ń jẹ́ kó hó, kó sì ta yín nímú. Gáàsì ni. Inú àgbá irin gígùn ni wọ́n ti ń fi lọ́rì gbé e wá láti Èkó, wọn a sì fi ẹ̀rọ tì í wọnú omi ṣúgà tútù. Yàrá kan lábẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń to àwọn àgbá náà sí. Àtẹ̀gùn mẹ́wàá lèèyàn máa sọ̀ kó tó débẹ̀, kò sì ní fèrèsé kankan.

Àwa ọmọ kì í sún mọ́ ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi dẹ́rù bà wá o. Bí a bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ṣe ló máa ń dà bíi pé yàrá náà ń fetí sí wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, lásìkò ìsinmi ilé ìwé, ológbò ilé iṣẹ́ lé eku sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, kò sì jáde mọ́. Iná ìjọba ti lọ. Obìnrin kan tó dàgbà ju ìyá mi lọ, tí àwọn méjèèjì jọ ń fọ ìgò, ní òun máa lọ gbé ológbò náà. Ó tan àtùpà, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń pe ológbò. Nígbà tó dé ìdajì àtẹ̀gùn, iná àtùpà kú. Atẹ́gùn kò fẹ́. Iná náà kàn rẹlẹ̀, ó kú.

A gbọ́ tó rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. "Ta ló fẹ́ àtùpà mi pa?"

Ó tún sọ̀ sí i díẹ̀. A ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n!" Ìyá mi ké. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá mi lóhùn!"

Kò sí òórùn, kò sí èéfín. Ìyá mi ká ìró rẹ̀ sókè, ó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Mo di aṣọ rẹ̀ mú, mo ń sunkún. Àwọn kan ti ń pariwo pé àǹjọ̀nnú ni.

Ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ sáré dé, ó fa ìyá mi sẹ́yìn. "Gáàsì ló ń jò! Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ti kún ibẹ̀ bí omi ṣe ń kún kànga. Ẹ so okùn mọ́ mi níbàdí!"

Ó fa èémí sínú, ó fi ọwọ́ di imú, ó sọ̀ kalẹ̀. Okùn náà dúró jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dì í mú. Ó pẹ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà okùn gbọ̀n, wọ́n bá fà á. Ọkùnrin náà gbé obìnrin náà mọ́ àyà jáde, ètè rẹ̀ ti rí bí eérú. Wọ́n tẹ́ ẹ sí gbangba, ọkùnrin náà ń fẹ́ èémí sí i lẹ́nu títí ó fi wúkọ́. Ológbò ní tiẹ̀ kò jáde láàyè.

Lọ́jọ́ kẹta, èmi àti ìyá mi lọ kí obìnrin náà nílé.

"Ẹ kú ewu o, ẹ̀gbọ́n," ni ìyá mi wí.

Ó wo ìyá mi títí. "Mo gbọ́ gbogbo bó o ṣe ń pè mí. Mo sì ń dá ọ lóhùn. Mo ní kó o máa bọ̀, pé ibẹ̀ tutù, ibẹ̀ dára."

Ọwọ́ ìyá mi tutù lọ́wọ́ mi. Kò padà sídìí ìgò fífọ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ló lọ ní Ìtòkú, ó kọ́ṣẹ́ aró.

Ayé ti yí. Wọ́n ní níléeṣẹ́ ńláńlá òde òní, ẹ̀rọ kan máa ń ké bí gáàsì bá ń jò. Ilé iṣẹ́ tiwa ti kógbá sílé tipẹ́, wọ́n ti kó iyẹ̀pẹ̀ dí yàrá náà, wọ́n sì kọ́ ilé sórí rẹ̀. Bí mo bá ń kọjá, mo máa ń rí àwọn ọmọdé tí wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń ṣeré. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n ní kí wọ́n dìde. Ṣùgbọ́n wọn a kúnlẹ̀ kí mi, èmi náà a dá wọn lóhùn, màá sì bá tèmi lọ.