Yàrá Ẹ̀yìn Nínú Ilé Ìrẹ̀mọ

Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni. Àwa mẹ́ta la wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà ní Ìrẹ̀mọ: èmi, ìyá àgbà kan tó sanra dáadáa tí ẹbí wọn fẹ́ ta ilé, àti bíríkìlà tí mo bẹ̀ pé kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó rà á. Ayé ológun ni, epo ọkọ̀ wọ́n, ẹsẹ̀ la fi rìn wá láti àdúgbò Mayfair níbi tí mo háyà yàrá kan sí. Mi ò mọ̀ pé a rìn jìnnà.

Mo ti dàgbà kí n tó lọ sílé ìwé. Nǹkan mi máa ń pẹ́ kó tó dé. Ilé yìí náà pẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kọjú sí oòrùn àárọ̀, igi ọsàn sì wà lẹ́yìnkùlé. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, mi ò tíì fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀.

Bíríkìlà ń fi ìka lu ògiri láti yàrá dé yàrá. "Eléyìí dáa. Eléyìí náà dáa." Mo ń rẹ́rìn-ín sínú.

Nígbà tí a dé yàrá ẹ̀yìn, kò lu ògiri mọ́. Ògiri ti là láti òkè dé ilẹ̀. Ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀. Ó ní omi òrùlé ló ti ń dà sí ẹsẹ̀ ògiri, òun fẹ́ rí ìpìlẹ̀. Ó gbé dígà sókè láti fọ́ sìmẹ́ńtì ilẹ̀ yàrá.

"Dúró níbẹ̀!" Ìyá ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣé orí bàbá mi lo fẹ́ fọ́ ni?"

Ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá wọn sí, bí wọ́n ti ń ṣe láyé àtijọ́.

Bíríkìlà ju dígà sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Onílé ṣì wà nílé."

"Bí àwọn tó kọ́kọ́ wá ra ilé yìí ṣe wí náà nìyẹn," ni Ìyá wí. "Eré tí ọ̀kan sá, ó gbàgbé fìlà síbí. Di tìẹ mú, ọkọ mi."

Mi ò sá. Nígbà tí ìyàwó mi kú, mi ò ní ilé. Ilé bàbá rẹ̀ ní Òkèrèwè ni wọ́n sin ín sí. Bí mo bá dé ibẹ̀, wọ́n á gbé àga fún mi, wọn ò ní bi mí ní ohun tí mo wá ṣe. Mo mọ ohun tí Ìyá ń bẹ̀rù: kí ẹni tó bá ra ilé má jẹ́ kí wọ́n wọlé sọ́dọ̀ bàbá wọn mọ́.

"Ìyá," mo ní, "ẹ má ta yàrá yìí. Kó jẹ́ ti bàbá. Ká ṣí ilẹ̀kùn fún un láti ìta, kẹ́ ẹ máa wọlé nígbà tó bá wù yín."

Wọ́n wò mí. "O ò ní bẹ̀rù?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá gbé, Ìyá. Alábàágbé ò burú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fara ti ògiri. "Bàbá mi máa ń hanrun o!"

Bíríkìlà ti tún ń wo ògiri. "Bó bá jẹ́ ti ilẹ̀kùn ni, ibi tó là yìí gan-an la ó gé kúrò. Ká fi búlọ́ọ̀kù gbè é lọ́tùn-ún lósì, ká da kọnkéré lé e lórí. Ìta ni màá ti gbẹ́ ìpìlẹ̀. Mi ò ní fọwọ́ kan ilẹ̀ inú."

Ìyá fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Bàbá, ẹ ti gbọ́." Wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. "Màá bá àwọn àbúrò mi sọ ọ́. Wọn ò jẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti wà ní Ìrẹ̀mọ. Mo fi èédú ya ojú ilẹ̀kùn náà sára ògiri lápá ìta. Mo wò ó, mo rántí bí Ìyá ṣe tóbi tó. Mo pa á rẹ́, mo tún un yà, mo jẹ́ kó fẹ̀ dáadáa.